Ta Ló Fi C Sínú Victuals?

Ìwé Mátíù orí 14 ni wọ́n ní kí n kà ní ìsìn Gẹ̀ẹ́sì lọ́jọ́ náà, nínú Bíbélì King James. Mo dé ẹsẹ 15, níbi tí àwọn ọmọ ẹ̀yìn ti ní kí Jésù tú àwọn ènìyàn ká kí wọ́n lè lọ ra victuals. Bí mo ṣe rí i ni mo ṣe pè é: "vik-tu-als". Lẹ́yìn ìsìn, bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ tíṣà pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ọmọ mi, ṣé o máa ń pe p inú receipt?"

"Rárá, sà."

"Ó dáa. Má pe c yẹn náà."

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, báyìí ni wọ́n ń pè é: ẹ mú little, ẹ fi v rọ́pò l iwájú rẹ̀, kí ẹ wá fi ìró z kádìí rẹ̀. Oúnjẹ ló túmọ̀ sí, pàápàá èyí tí a kó jọ fún ìrìn àjò.

Ìbéèrè bàbá yẹn ló gbé mi dé ìdí dìkíṣọ́nárì. Ẹnu àwọn Faransé ni ọ̀rọ̀ náà ti bọ́ sínú Gẹ̀ẹ́sì. Vitaille ni wọ́n ń kọ, kò sí c níbẹ̀. Ṣùgbọ́n inú Látìn ni Faransé ti rí i: victualia, láti ara victus, ohun tí ènìyàn ń jẹ kó lè wà láàyè. Nígbà tó yá, àwọn ọ̀mọ̀wé tó fẹ́ràn Látìn dá c àti u padà sínú rẹ̀. Ìwé yí padà, ẹnu ò yí. Irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ ló ki b bọ inú debt nítorí debitum, tó sì ki p bọ inú receipt. Àwọn ìyá wa lọ́jà tó ń sọ pé "rìsíìtì" gbà á re, torí etí ni wọ́n fi gbà á.

Nígbà mìíràn, àwọn ọ̀mọ̀wé náà ṣì í. Wọ́n fi s sínú island nítorí insula ti Látìn, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ni, kò ní s rí. Láti ìgbà yẹn, bí wọ́n ṣe kọ ọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ wá.

Ẹ wo tiwa. "Onjẹ" ni Bíbélì Yorùbá àtijọ́ kọ. Lónìí "oúnjẹ" ni à ń kọ, torí ẹnu wa ń pe ú yẹn.

Bí ẹ bá máa kàwé níwájú ìjọ tàbí lórí rédíò, ẹ kà á sókè nílé lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kí ẹ fàlà sí ìdí ọ̀rọ̀ tí ẹ ò gbọ́ lẹ́nu ẹnikẹ́ni rí. Victuals ló ṣáájú nínú ìwé àkọsílẹ̀ tèmi. Boatswain, ìyẹn ọ̀gá kan láàárín àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi, tí wọ́n ń pè ní "bó-sun", ló tẹ̀lé e.