Ọjọ́ tí àpótí bá mi dìde kọrin

Láti ọdún 2002 tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde, n kò tíì jókòó sórí àpótí kankan láì kọ́kọ́ fi ọwọ́ pa orí rẹ̀ wò. Ẹ̀bi Westlife ni. Tàbí kí n kúkú sọ òótọ́, ẹ̀bi fáàrí mi ni.

Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà ní àdúgbò mọ bí ìjà ọ̀hún ṣe gbóná tó. Àwa kan gbà pé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọkùnrin márùn-ún ará Ireland wọ̀nyí ni orin parí sí. Àwọn kejì, tí ẹ̀gbọ́n mi jẹ́ baálẹ̀ wọn, ní ẹkún ni wọ́n ń sun, wọn kì í kọrin. Èmi a máa fi ìka kà á fún un pé orin méje tí wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde láti ọdún 1999, méjèèje ni ó wọ ipò kìíní ní Ìlú Ọba. Òun a ní èyí tí Wasiu Àyìndé bá kọ ní òru ọjọ́ kan péré, bí a bá gé e wẹ́wẹ́, yóò tó méje, yóò tún ṣẹ́kù.

Ìjókòó wọn ni ó wú mi lórí jù. Wọ́n á jókòó sórí àga gíga, wọ́n á máa kọrin ìfẹ́ bí ẹni tí ó ti rẹ̀, ṣùgbọ́n bí orin bá ti ń parí lọ tí ohùn sì gòkè, gbogbo wọn á dìde lẹ́ẹ̀kan náà, àfi bí ẹni pé Awùjalẹ̀ ni ó ń kọjá.

Níbi àríyá ìparí ìwé mẹ́wàá wa, àwa márùn-ún pinnu láti dìde bẹ́ẹ̀. Àwọn mẹ́rin rí àga. Èmi gbé àpótí tí màmá mi máa ń jókòó lé rin ewùrà ìkókorẹ́. Àkísà kan wà lórí rẹ̀, tí ewùrà ti gbẹ mọ́ tí ó fi le gbagidi bí pákó. Mo tú u dànù, nítorí ta ni ó rí Westlife lórí àkísà rí? N kò bi ara mi léèrè ohun tí àkísà náà ń bò mọ́lẹ̀. Ìṣó ni.

Ṣòkòtò funfun ẹ̀gbọ́n mi, tí n kò tọrọ, ni mo wọ̀. Kásẹ́ẹ̀tì ń kọrin, àwa ń la ẹnu. Mo fò dìde, àpótí sì fò dìde pẹ̀lú mi. Mo yí sọ́tùn-ún, ó yí. Mo tẹ̀síwájú, ó tẹ̀ lé mi, kódà òun nìkan ni ijó rẹ̀ bá orin mu nínú wa. Ọwọ́ mi ṣì wà láyà nígbà tí ó já bọ́ pẹ̀lú ìdajì ìdí ṣòkòtò.

Ariwo ta. Láàárín ariwo náà ni mo gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n mi láti ẹ̀yìn: “Kò tíì tó àkókò àtidìde! Ó ku ẹsẹ kan!”

Ẹ dúró ná. Ta ni ó kọ́ elétí fújì ní iye ẹsẹ tí ó kù? Mo gbàgbé ìdí mi tí ó wà níta. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, mo tú abẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀: inú páálí kásẹ́ẹ̀tì Wasiu Àyìndé ni Westlife wà, ó ti gbọ́ ọ títí ohùn rẹ̀ fi ń fà. Nígbà tí Bryan McFadden sì fi wọ́n sílẹ̀ ní 2004, baálẹ̀ wa ní inú ń run òun, kò jẹun alẹ́.

Wọ́n tú ká ní 2012, wọ́n padà wá ní 2018, gbèsè ṣòkòtò kò kúrò nílẹ̀. Ní gbogbo Ìléyá tí a bá wálé fún Òjúde Ọba, ẹ̀gbọ́n mi á bèèrè owó rẹ̀ lójú ẹbí. Èmi náà á rọra ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹsẹ mélòó ni ẹ ní ó kù?” Á sì rántí lójijì pé ẹnìkan ń pe òun níta.