Sutton Wo Lẹ Wà?

Ẹgbẹ́ kríkẹ́ẹ̀tì wa ṣe dáadáa lọ́dún 2025, tí ẹ bá ti lè fojú fo àwọn ọjọ́ tí a jáde lọ gbá a. Gbogbo ọjọ́ tí òjò bá lé wa sílé, kò sẹ́ni tó nà wá. Ìyọnu ibẹ̀ ni pé òjò ò rọ̀. Ẹni tó bá wà ní Kent, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ́dún náà á rántí oòrùn yẹn. Nígbà tó fi máa di oṣù Keje, wọ́n ti fòfin de ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ fi họ́ọ̀sì bomi rin ọgbà. Pápá gbẹ, ilẹ̀ là, bọ́ọ̀lù tó yẹ kó wá sí orúnkún ń wá sí imú. A ò rí òjò kankan fi bojú, wọ́n sì ń nà wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Mo mọ̀ pé ẹ ti ń bi ara yín pé kí ni ọmọ Ìjẹ̀bú ń wá nídìí kríkẹ́ẹ̀tì. Àwọn tó lọ Government College Ìbàdàn tàbí King's College l'Ékòó lè fọwọ́ sọ̀yà pé àwọn gbá a nílé ìwé. Nílé ìwé tèmi, igi kan ṣoṣo tá a mọ̀ ni èyí tó wà lọ́wọ́ tíṣà, àwa kọ́ la sì ń dì í mú. Aládùúgbò mi kan ní Dartford ló fà mí wọ ẹgbẹ́. Ó ní mo ga, ẹni tó bá ga á lè hán bọ́ọ̀lù lókè. Kò bi mí bóyá mo lè hán bọ́ọ̀lù. Ìyàwó mi náà ní kí n máa lọ, ó ní ó sàn ju kí n jókòó sílé ní gbogbo Sọ́ńdè, kí n máa bi òun pé kí la fẹ́ jẹ.

Ẹgbẹ́ wa kì í ṣe ẹgbẹ́ ńlá o. Àwọn tó mọ̀ ọ́n gbá ń lọ sí líìgì lọ́jọ́ Sátidé. Àwa ti Sọ́ńdè, ẹni tó bá ti lè rí ṣòkòtò funfun wọ̀ ti di ọmọ ẹgbẹ́. Plọ́mbà ni Kápútéènì wa. Akápò wa ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ báńkì, àmọ́ ojú tó fi ń wo owó ò tíì fẹ̀yìn tì. Ẹnì kan ṣoṣo tó gbọ́wọ́ nínú wa ni nọ́ọ̀sì kan tó wá láti Kerala ní Íńdíà, jẹ́jẹ́ èèyàn, tí kì í sọ̀rọ̀ tí wọn ò bá bi í.

Lẹ́yìn náà ló kan Baba Ọ̀ǹpáyà, ẹni tó ń ṣe adájọ́ eré fún wa. Nínú irú ìdíje tiwa yìí, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń mú ọ̀ǹpáyà tirẹ̀ wá, ẹ sì mọ bí ayé ṣe rí: ọ̀ǹpáyà ẹgbẹ́ míì á máa fi ojú kan wo ẹni tirẹ̀. Tiwa ò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Baba ti lé ní àádọ́rin ọdún, ìwé òfin kríkẹ́ẹ̀tì tí MCC, ẹgbẹ́ kríkẹ́ẹ̀tì kan ní Lọ́ńdọ̀nù, ń tẹ̀ jáde kì í sì í kúrò nínú àpò ẹ̀wù funfun wọn. Ní ìdíje tá a fi ṣí ọdún yẹn, ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ nàka sí pé kó máa lọ sílé, ọmọ bíbí inú wọn ni. Ọkọ̀ ọmọ náà ni wọ́n sì bá wá.

A bá a bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹrin, a ń fìdí rẹmi lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Mi ò ní fi ìyẹn yọ yín lẹ́nu. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹjọ, Chris Woakes jáde wá dúró fún England ní pápá Oval ní Lọ́ńdọ̀nù, ejìká tó ti yẹ̀ wà lábẹ́ súwẹ́tà, ọwọ́ kan ló fi di igi tí wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù mú. Rọ́ọ̀nù (ohun tá a fi ń ka ayò nínú kríkẹ́ẹ̀tì) mẹ́fà péré ni India fi borí lọ́jọ́ náà, ẹgbẹ́ méjèèjì sì pín ọ̀wọ́ ìdíje náà sí méjì-méjì. Gbogbo ayé ń yìn ín pé ó láyà. Àwa ló kó bá. Láti ọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó láyà tó lè sọ fún Kápútéènì pé ìka ń dun òun.

Ọ̀rọ̀ Sutton gan-an ni mo fẹ́ sọ.

Lálẹ́ Sátidé kan, Kápútéènì kọ ọ́ sórí WhatsApp pé: “Sutton, aago kan ọ̀sán. Ẹ má pẹ́ o.” Kò kọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Kent, ẹ bá mi kà á. Sutton-at-Hone wà níbí lẹ́bàá Dartford. Sutton Valence wà lọ́hùn-ún ní ìhà Maidstone, East Sutton àti Chart Sutton sì jọ ń ṣe aládùúgbò rẹ̀. Sutton míì tún wà nítòsí Deal. Mi ò tíì dárúkọ Sutton ńlá tó wà ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù o. Ó jọ pé ọjọ́ tí wọ́n ń sọ ìlú wọ̀nyẹn lórúkọ, ilẹ̀ ti ń ṣú, gbogbo wọn fẹ́ lọ sílé.

Èmi bá ọkọ̀ Kápútéènì lọ, òun nìkan ló sì kó mi yọ. A dé Sutton Valence, a sọ̀ kalẹ̀, a ka ara wa: àwa márùn-ún, Baba Ọ̀ǹpáyà ṣìkẹfà. Aago kan kù díẹ̀. Kápútéènì tẹ àwọn tó kù láago.

“Ẹ dà?”

“A ti dé.”

“Ẹ ti dé ibo?”

“Sutton.”

“Àwa náà wà ní Sutton. Mi ò rí yín.”

“Ẹ̀yìn ọkọ̀ pupa yìí la wà.”

“Ọkọ̀ pupa wo?”

Kápútéènì yí gbogbo pápá po tán, ó ń wá ọkọ̀ pupa. Ọkọ̀ pupa kan wà níbẹ̀ lóòótọ́, ó sì lọ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ajá kan ló sùn síbẹ̀. Ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bi wọ́n pé, “Sutton wo lẹ wà?” Àwọn márùn-ún wà ní Sutton-at-Hone, níbi tí èmi ò bá ti fẹsẹ̀ rìn dé láti ilé mi ká ní mo tètè jí. Ẹnì kan tó ṣẹ́kù ò sí lọ́dọ̀ wọn, kò sì sí lọ́dọ̀ wa. A pè é. Ó ní òun ti dé iwájú ibùdó rélùwéè Sutton ní Lọ́ńdọ̀nù, òun ò rí pápá kankan, ṣọ́ọ̀bù Tesco lòun ń wò. Ọkùnrin yìí ló ń gbé àpò ẹrù ẹgbẹ́. Igi wa, páàdì tá a fi ń bo ojúgun, ìbọ̀wọ́ wa, akoto wa, gbogbo rẹ̀ pátá ló jọ ń wo Tesco.

Àwọn tá a fẹ́ bá gbá ṣe dáadáa sí wa, Ọlọ́run á bá wa san án. Wọ́n yá wa ní igi, ìbọ̀wọ́ àti akoto. Ti páàdì nìkan ló ṣòro. Àwọn náà fẹ́ lo tiwọn, ohun tí wọ́n sì rí fún wa kò ju ìdì méjì lọ: ọ̀kan ti àgbàlagbà, ìkejì ti àwọn ọmọdé tí wọ́n ń kọ́ láàárọ̀ Sátidé. Kápútéènì bẹ̀bẹ̀ pé kí àwa kọ́kọ́ gbá, bóyá àwọn tó kù á bá wa. Ó wá pè wá jọ, ó ní, “Ẹ má wá rọ́ọ̀nù o. Ẹ ṣáà fàkókò ṣòfò.”

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìwọ̀nba tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀. Èèyàn méjì gbọ́dọ̀ wà lórí pápá pọ̀, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún. Bí ọ̀kan bá kúrò, òmíràn á wọlé. Tí àwọn mẹ́rin bá ti lọ nínú wa, ẹni karùn-ún ò ní alábàárìn mọ́, ó parí nìyẹn. Bọ́ọ̀lù náà, awọ líle ni, ó wọ̀n tó 160 gíráàmù, ẹni tó bá sì sọ pé òun á fi ojúgun lásán dúró dè é, ẹ bi í bóyá ó ti ṣe ìwé ìhágún.

Kápútéènì gba páàdì àgbàlagbà, ó dúró gírí. Àwọn tó ń bọ̀ wá bá a ń pààrọ̀ páàdì ọmọdé láàárín ara wọn: ẹni tó ń jáde á bọ́ ọ fún ẹni tó ń wọlé. Ẹni àkọ́kọ́ lọ. Ẹni kejì lọ. Ó kù èmi àti olùkọ́ ìṣirò kan. Olùkọ́ wọlé, ó ṣe ìṣirò bọ́ọ̀lù kan, ó ṣì í, wíkẹ́ẹ̀tì, àwọn igi tó wà lẹ́yìn rẹ̀, fò.

Ó wá kàn mí. Olùkọ́ ju páàdì sí mi, gbogbo rẹ̀ tutù fún òógùn. Ẹ rántí pé torí pé mo ga ni wọ́n fi mú mi. Páàdì náà ò dé orúnkún mi. Ìdè rẹ̀ ò yí ẹsẹ̀ mi po, èyí tí mo sì fi tipátipá fà, ó já sí mi lọ́wọ́. Mo sáré lọ sídìí ọkọ̀ Kápútéènì, mo yọ téèpù tó fi ń di ọ̀pá omi, mo wé e mọ́ ẹsẹ̀ láti ọrùn ẹsẹ̀ dé itan. Mo ń tiro bọ̀ bí eégún tí wọ́n gbé agọ̀ ọmọ rẹ̀ wọ̀. Mo tiẹ̀ rọra ń rìn, torí mo rántí pé Kápútéènì ní ká fàkókò ṣòfò.

Aláwàdà ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà nínú àwọn tí à ń bá gbá. Ó kígbe pé, “Ọ̀ǹpáyà, àkókò rẹ̀ ti kọjá!” Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Baba Ọ̀ǹpáyà ò rẹ́rìn-ín. Baba wo aago ọwọ́, Baba nàka sókè sí mi.

Mo ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ̀ ń ṣe?”

Wọ́n ní òfin fún ẹni tó ń wọlé ní ìṣẹ́jú mẹ́ta kó fi múra sílẹ̀ de bọ́ọ̀lù. Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, tí àwọn tó ń bá a gbá sì fẹ̀sùn kàn án, ó ti jáde nìyẹn. Wọ́n ní ní Delhi, lọ́jọ́ kẹfà oṣù Kọkànlá 2023, nínú Ìdíje Àgbáyé, ìdè akoto Angelo Mathews já mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìṣẹ́jú méjì ni tibẹ̀. Bangladesh fẹ̀sùn kàn án, wọ́n lé e jáde, ẹnikẹ́ni ò sì tíì jáde bẹ́ẹ̀ rí nínú ìdíje orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè. “Mathews ti ṣe kápútéènì Sri Lanka rí,” ni Baba wí. “Ìwọ ńkọ́?”

Kápútéènì àwọn tí à ń bá gbá sáré wá. Ó ní, “Ẹ má bínú, sà, àwàdà lọmọ yẹn ń ṣe. A fa ẹ̀sùn wa padà.”

Baba ṣí ìwé òfin. Wọ́n ní, “Òfin gbà kẹ́ ẹ fà á padà, tí ọ̀ǹpáyà bá fọwọ́ sí i.”

“Ṣé ẹ fọwọ́ sí i, sà?”

Baba ro ó. Wọ́n wo ojú ọ̀run, wọ́n wo téèpù tó wà lẹ́sẹ̀ mi, wọ́n tún ro ó.

“Rárá.”

Bí mo ṣe jáde nìyẹn, láìrí bọ́ọ̀lù sójú. Rọ́ọ̀nù 23 la ní. Kó tó di pé mo rí ibi jókòó, mo tún ní láti ya téèpù náà kúrò, irun ẹsẹ̀ mi sì bá a lọ.

Nígbà tí ojú gbogbo wa ti rẹ̀wẹ̀sì, mo ní kí n tu wọ́n nínú. Mo ní ní oṣù Kọkànlá 2024, ní Tafawa Balewa Square l'Ékòó, Nàìjíríà gbá rọ́ọ̀nù 271, wọ́n sì lé Ivory Coast jáde pátá ní rọ́ọ̀nù 7. Eéje o, àwọn odindi mọ́kànlá! Àwa márùn-ún tá a mú 23 wálé, ọlá ńlá ni. Mo tún fi kún un pé ní oṣù Kìíní 2025, àwọn ọ̀dọ́bìnrin wa tí ọjọ́ orí wọn ò tó 19 fi rọ́ọ̀nù méjì na New Zealand ní Malaysia, nínú Ìdíje Àgbáyé. Wọn ò gbà mí gbọ́, wọ́n yọ fóònù, wọ́n wò ó, òótọ́ ni. Kápútéènì wò mí láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó ní ṣé ìkankan nínú àwọn ọmọbìnrin yẹn ò gbé nítòsí Dartford.

Mẹ́ta nínú àwọn ará Sutton-at-Hone já ọ̀nà M20 wá, wọ́n sì dé gẹ́lẹ́ nígbà tí wọ́n ń gbé tíì àti sáńwíìṣì síta. Ọ̀rọ̀ àkókò jíjẹun, wọn kì í ṣìnà. Lẹ́yìn oúnjẹ, àwa mẹ́jọ jáde lọ ṣọ́ pápá. Kí n tó mọ ibi tí mo máa dúró sí, wọ́n ti gbá ju 23 wa lọ. Ibi tá a ti ń bọ ara wa lọ́wọ́ ni ọkọ̀ àpò ẹrù ti wọlé, ó ń fun fèrè.

Àwọn méjì tí ò wá ńkọ́? Àwọn kan ń gbá tiwọn ní Sutton-at-Hone, èèyàn wọn ò pé, wọ́n bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bá àwọn kún un. Nọ́ọ̀sì wa, tí kò gbá ju 30 fún wa rí, gbá 61 fún àwọn àjèjì, wọn ò sì lè lé e jáde. Wọ́n ra bíà fún un. Wọ́n bá a ya fọ́tò.

Ní ìparí oṣù Kẹsàn-án, a pàdé nílé ọtí láti ṣe àyẹ̀wò ọdún. Kápútéènì ka ìròyìn rẹ̀. Ọjọ́ Sutton, “ìṣòro ọkọ̀ wíwọ̀” ló pè é, ó sì yára ṣíwèé. Ó kan ife-ẹ̀yẹ ẹni tó gbá rọ́ọ̀nù jù lọ́jọ́ kan. Olùkọ́ ní tòun ni, òun gbá 44 ní oṣù Kẹfà. Ẹnì kan ní 61 ńkọ́? Ariwo bẹ́ sílẹ̀. Àwọn kan ní rọ́ọ̀nù tí èèyàn gbá fún ẹlòmíì, ti ẹlòmíì ni. Àwọn kan ní ọmọ wa ni, ibi yòówù kó ti gbá a. Wọ́n kọjú sí Baba Ọ̀ǹpáyà. Baba ní kò sí nínú ìwé. Nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ ń jẹ ẹ̀pà lọ ní tirẹ̀.

Akápò ló pa gbogbo wa lẹ́nu mọ́. Ó ní òun ò mọ ti ife, àmọ́ nínú ìwé òun, Nọ́ọ̀sì ò tíì san owó ìdíje ọjọ́ yẹn. Nọ́ọ̀sì ní òun ti san án fún àwọn tí òun gbá a fún. Akápò ní ìyẹn ò kan òun, orúkọ rẹ̀ wà nínú àwọn mọ́kànlá tá a kọ sílẹ̀, sáńwíìṣì rẹ̀ sì wà lórí tábìlì. Ta ló jẹ ẹ́? Gbogbo ojú yí sí mi.

Mo ní mo jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n èmi tí mi ò rí bọ́ọ̀lù kankan sójú, ṣé kò yẹ kí wọ́n dín tèmi kù? Akápò ní owó kan náà ni. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú àpò ṣòkòtò mi, tọ̀tún, tòsì, ti ẹ̀yìn, kí n tó wá rí owó náà nínú páálí fóònù.

Baba Ọ̀ǹpáyà ti ń wo aago.