Aago Abẹ́ Omi àbí Aago Ìrìn-Àjò

Nígbà tí mo pé ọmọ ọgọ́ta ọdún, àwọn ọmọ mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tí ọ̀kan ń gbé ní Kútọnu, tí ọ̀kan wà ní Párísì, tí àbígbẹ̀yìn sì wà ní Montréal, dá owó jọ láti ra aago ọwọ́ kan fún mi. Wọ́n ní kí n fúnra mi yàn nínú méjì: Rolex Submariner, tí wọ́n ṣe nítorí àwọn tí ń wọ ìsàlẹ̀ omi, tàbí Rolex GMT-Master II, tí wọ́n ṣe nítorí arìnrìn-àjò. Ìyá wọn gbọ́ iye owó rẹ̀, ó sì dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Irú aago bẹ́ẹ̀ ń lọ sí nǹkan bíi 10,000 yúrò, bẹ́ẹ̀ yúrò kan jẹ́ 655.957 sẹ́fà, ìyẹn ni pé owó náà lé ní mílíọ̀nù mẹ́fà àbọ̀. Nígbà tí ó máa sọ̀rọ̀, ilẹ̀ kan tí ó ti ń wò lẹ́bàá Ouando, níhìn-ín ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ni ó fi bẹ̀rẹ̀. Mo ní owó àwọn ọmọ ni, kì í ṣe owó ilé, àmọ́ nínú ara mi mo mọ̀ pé ó rí ọ̀rọ̀ sọ.

Submariner ni ọkàn mi kọ́kọ́ fà sí, nítorí ọmọ etí ọ̀sà ni mí. Ọdún 1953 ni ó ti wà. Nígbà náà ó lè wọ omi dé 100 mítà, ti òde òní sì ń dé 300. Ohun tí ó wù mí jù lára rẹ̀ ni òrùka tí ó yí ojú rẹ̀ ká. Ẹni tí ó fẹ́ wọ omi yóò yí i títí àmì onígun mẹ́ta orí rẹ̀ yóò fi kọjú sí ọwọ́ ìṣẹ́jú, láti ìgbà náà lọ, iye ìṣẹ́jú tí ó ti lò lábẹ́ omi ni yóò máa kà lára òrùka. Apá òsì nìkan ni òrùka náà ń yí sí, wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni: bí ó bá ṣèèṣì kọlu nǹkan tí ó sì yẹ̀, ńṣe ni yóò fi hàn pé àkókò tí ó ti lọ pọ̀ ju bí ó ti pọ̀ lọ, onítọ̀hún yóò sì tètè gòkè kí afẹ́fẹ́ inú ìgò ẹ̀yìn rẹ̀ tó tán. Mo gba ti ẹni tí ó ronú kan èyí.

Ṣùgbọ́n kí ni èmi fẹ́ fi 300 mítà ṣe? Ọ̀sà Àjàṣẹ́ kò jìn; ọ̀pọ̀ ibi ni apẹja ti ń fi ọ̀pá ti ọkọ̀ rẹ̀, tí ọ̀pá náà sì ń kan ilẹ̀. Omi tí aago mi ń rí lójoojúmọ́ ni omi àlùwàlá, nígbà tí mo bá tì í sókè díẹ̀ kí omi lè dé awọ ara tí ó wà lábẹ́ rẹ̀. GMT-Master II lè wọ omi dé 100 mítà, kò sì sí búútà tí ó lè béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ wúrà náà tún wà níbẹ̀. Mùsùlùmí ni mí, ọkùnrin wa kì í wọ wúrà, nítorí náà irin ni mo ní kí wọ́n bá mi wò. GMT-Master II tí òrùka rẹ̀ pupa ní apá kan, tí ó sì jẹ́ búlúù ní apá kejì, wúrà funfun nìkan ni wọ́n fi ṣe é nígbà tí wọ́n mú un jáde pẹ̀lú òrùka amọ̀ sísun ní ọdún 2014, bẹ́ẹ̀ sì rèé, wúrà funfun, wúrà ni. Ọdún 2018 ni ti irin tó dé.

Pupa yẹn dúró fún ọ̀sán, búlúù sì dúró fún òru. Ní àárín àwọn ọdún 1950, nígbà tí àwọn awakọ̀ òfurufú iléeṣẹ́ Pan Am ń fò láti ilẹ̀ kan dé òmíràn, ni wọ́n ṣe àkọ́kọ́ irú aago yìí. Ó ní ọwọ́ kan tí ó lé, tí ó ń yí ojú aago po lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láàárín wákàtí 24. Lára GMT-Master II, ènìyàn tún lè fo ọwọ́ wákàtí síwájú tàbí sẹ́yìn láìdá ọwọ́ ìṣẹ́jú dúró.

Àwọn ará ibòmíràn lè máà rí ìdí tí ọ̀rọ̀ wákàtí fi ká mi lára tó báyìí. Aṣọ ni mò ń tà, ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù ni mo sì máa ń lọ sí ọjà Asigamé ní Lomé. Bí a bá gba Kraké wọ Nàìjíríà, owó yóò yí padà, aago kò ní yí. Bí a bá gba Hilla-Condji wọ Tógò, sẹ́fà kan náà ni a óò máa ná, ṣùgbọ́n aago yóò padà sẹ́yìn ní wákàtí kan. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo ti Lomé dé ní alẹ́, mo sùn láìtún aago ṣe, ẹ̀rọ alágbèéká mi sì ti kú sínú àpò. Ní ọjọ́ kejì mo lọ síbi yìgì ọmọ ọ̀rẹ́ mi, tí wọ́n dá sí agogo mẹ́wàá. Aago mi sọ pé mo fi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yá wọn, àwọn ènìyàn sì ti ń ya fọ́tò. Títí di òní, ọ̀rẹ́ mi yìí kì í pè mí síbi ayẹyẹ láìfi kún un pé, "Aago ti Àjàṣẹ́ o, Alájì."

Ọmọ mi obìnrin tí ó wà ní Párísì gbèjà Submariner gan-an. Ó ní tí mo bá yí òrùka rẹ̀ títí àmì onígun mẹ́ta yóò fi dúró lórí 1, tí mo sì ka ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún orí òrùka sí wákàtí kọ̀ọ̀kan, ọwọ́ wákàtí yóò máa sọ agogo Lomé fún mi lára òrùka. Mo gbà pé òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n apá òsì nìkan ni òrùka náà ń yí sí, ó sì ń ró ní ẹ̀ẹ̀ 120 kí ó tó yípo tán, nítorí náà kí n tó dé orí 1 mo ní láti yí i ní ẹ̀ẹ̀ 110. Ìyẹn ju ìlẹ̀kẹ̀ 99 tẹ̀sùbáà mi lọ!

Ti òun fúnra rẹ̀ kò le. Láti ìparí oṣù kẹwàá títí di ìparí oṣù kẹta, agogo kan náà ni Àjàṣẹ́ àti Párísì ń lò. Ní ìyókù ọdún, wọ́n fi wákàtí kan ṣíwájú wa. Montréal ni ó ń dà mí láàmú. Nígbà òtútù wọn, a fi wákàtí mẹ́fà ṣíwájú wọn. Mo ti pe àbígbẹ̀yìn mi ní agogo mẹ́jọ àárọ̀ rí, ó sì fi ohùn oorun dá mi lóhùn pé, "Bàbá mi, ṣé kò sí o? Agogo méjì ni." Ó dá mi lójú pé agogo méjì ni mo ṣírò, pé méjì òru ni ni n kò rò. Aago olójú 12 kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀, ọwọ́ olówákàtí 24 sì ń yà wọ́n.

Nígbà tí mo lọ kí wọn ní Párísì, mo fi méjèèjì sí ọwọ́ ní ṣọ́ọ̀bù kan. Ìyàtọ̀ 41 mìlímítà sí 40 kò tó nǹkan. Submariner wuyì ju èkejì lọ, n kò ní purọ́. Ojú dúdú rẹ̀ rọ̀ mí lọ́kàn, ó sì rọrùn láti kà láìwọ dígí. Mo bọ́ ọ lọ́wọ́, mo dá a padà, mo ní èkejì ni kí wọ́n kọ orúkọ mi sí.

Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí ó ti wà lọ́wọ́ mi báyìí. Ní Hilla-Condji, kí wọ́n tó yẹ ìwé wa wò tán, mo ti fo ọwọ́ wákàtí sẹ́yìn ní ẹyọ kan, mo sì fi ọwọ́ pupa, ti wákàtí 24 yẹn, sílẹ̀ sórí agogo ilé. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, mo wà ní Asigamé, agogo kan ọ̀sán ti lù níbẹ̀, nígbà tí ìyá àwọn ọmọ pè láti béèrè bóyá mo ti jẹun. Mo wo ọwọ́ pupa, mo ní, "Agogo méjì ti lù ní ọ̀dọ̀ yín, ìwọ fúnra rẹ ńkọ́?" Ó ní òun ti jẹun, kí n sì bá òun wò ó lára aago náà, bóyá ó lè sọ ọjọ́ tí wọn yóò ta ilẹ̀ Ouando fún ẹlòmíràn.