Ẹ gbé e sílẹ̀ kí ẹ tó pariwo: ẹ̀kọ́ tí ẹsẹ̀ Tanímọ̀la kọ́ mi

Ẹ̀yin tí ẹ ní ajá kékeré, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí. Ẹ ò tíì jókòó tán tó ti dé orí itan yín. Á yí po lẹ́ẹ̀mejì, á ká ara rẹ̀ jọ, á mí kanlẹ̀, ẹ ò sì ní lè dìde mọ́ nítorí àánú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Tanímọ̀la ṣe wà lórí itan mi lálẹ́ ọjọ́ 6 oṣù karùn-ún ọdún 2025, nígbà tí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Inter àti Barcelona ń du àyè àṣekágbá Champions League. Chihuahua ni, irú àwọn ajá pẹ́pẹ̀pẹ́ yẹn. Gbogbo ara rẹ̀ kò wọn kílò mẹ́ta.

Ọmọ ẹ̀yìn Barcelona ni ọkọ mi. Èmi ti wà lẹ́yìn Inter láti ọdún 2010 tí Samuel Eto'o wà níbẹ̀, tí wọ́n gba ife ńlá mẹ́ta ní sáà kan ṣoṣo. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n máa pàdé, ọ̀mì 3-3 ni wọ́n sì ta ní ìgbà àkọ́kọ́. Lálẹ́ ọjọ́ yìí, Inter kọ́kọ́ gbá méjì wọlé, Barcelona dá méjèèjì padà, nígbà tó sì di ìṣẹ́jú 87, Raphinha fi ẹ̀kẹta lé e. Ọkọ mi ti ń jó. Èmi ti fọwọ́ lérán. Àfi bí Dumfries ti Inter ṣe gbá bọ́ọ̀lù wá sáàárín ní ìṣẹ́jú 93, tí Acerbi, adẹ̀yìnmú ọmọ ọdún 37, sì gbá a sínú àwọ̀n.

Mo fò sókè.

N kò di ajá mi mú. N kò tilẹ̀ rántí pé ó wà lórí itan mi. Ọwọ́ méjèèjì ni mo nà sókè, mo ń lọgun, mo tún fò lẹ́ẹ̀kejì, mo fò lẹ́ẹ̀kẹta. Ibi tó ń dùn mí jù nìyẹn títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Pé ó já bọ́, ó ti burú; ṣùgbọ́n mo ṣì ń yọ̀ nígbà tó ń ké nílẹ̀! Mo gbọ́ igbe, mo rò pé inú tẹlifíṣọ̀n ni. Ọkọ mi ń pe orúkọ mi, mo rò pé góòlù ló ń bí i nínú. Ó di ẹ̀ẹ̀kẹta tó pè mí kí n tó wolẹ̀.

Ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ ọ̀tún tẹ̀ níbi tí kò sí oríkèé. Ó fẹ́ dìde, ẹsẹ̀ náà yẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, ó ṣubú, ó tún gbìyànjú. Ọ̀dọ̀ mi ló ń bọ̀. Èmi tí mo jù ú sílẹ̀ ló ń wọ́ bọ̀ wá bá, ó sì ń ju ìrù.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní mo ti mutí yó. N kì í mutí. Àwọn mìíràn á ní ajá lásán ni. Ẹni tó bá rò bẹ́ẹ̀, kó má wulẹ̀ kà á síwájú.

Ọkọ mi fẹ́ na ẹsẹ̀ náà tọ́, mo kọ̀. Ẹnì kan tí a pè lórí fóònù ní ká fún un ní paracetamol, òmíràn dárúkọ ibuprofen. Inú mi dùn pé a ò gbọ́ sí wọn lẹ́nu, nítorí dókítà ẹranko sọ fún wa pé oògùn èèyàn wọ̀nyẹn lè ba inú ajá jẹ́ tàbí kó pa á. A tẹ́ tówẹ́ẹ̀lì sínú páálí, a gbé e sí i jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, a sì jáde. N kò mọ̀ pé Inter ti borí, pé Frattesi gbá ìkẹrin wọlé fún wọn ní ìṣẹ́jú 99, nínú àfikún àkókò, àfi lọ́jọ́ kejì.

Àwòrán X-ray fi hàn pé eegun méjèèjì inú ẹsẹ̀ náà ti kán nítòsí ọrùn ẹsẹ̀. Mo ń sọ pé àga yẹn kò ga, dókítà ní bí ó ṣe máa ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn ajá pẹ́pẹ̀pẹ́ nìyẹn: láti orí àga, láti orí bẹ́ẹ̀dì, láti ọwọ́ ọmọdé. Ó ní eegun wọn tín-ín-rín, ẹ̀jẹ̀ kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ ṣàn dé apá ibẹ̀ yẹn, ìyẹn ló ń mú kó pẹ́ kó tó so. Ó ní P.O.P., ìyẹn ohun funfun líle tí wọ́n fi ń di eegun tó kán, nìkan kò ní gbà á, àfi kí wọ́n fi irin pẹlẹbẹ dè é. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ, ó wà nínú àgò fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, ó sì ń rìn báyìí. Kò sí púpọ̀ láti sọ níbẹ̀.

Ní ọjọ́ 31 oṣù kan náà, PSG lu Inter ní 5-0 nínú àṣekágbá. Ẹ̀gbẹ́ àgò ni mo wà, n kò wò ó. Góòlù Acerbi yẹn, tí mo tìtorí rẹ̀ ṣẹ́ ajá mi lẹ́sẹ̀, ibi tó gbé wa dé nìyẹn.

Ohun tí mo kọ́ ni pé kí n gbé e sílẹ̀. Bí bọ́ọ̀lù bá ti ń gbóná, kì í ṣe orí itan ni ààyè ajá, kì í ṣe orí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ilẹ̀ ni. Ẹ má sọ pé ẹ ó dì í mú. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Ara tó ń fò fún góòlù kì í béèrè lọ́wọ́ olówó rẹ̀.

Ẹ tẹ́ ohun tí kì í yọ̀ sílẹ̀ níwájú àga. Ẹ fi okùn tó ń gba àyà mú un rìn dípò tọrùn, nítorí ọ̀nà ọ̀fun wọn kò lágbára. Ṣùgbọ́n gbogbo ìyẹn kò tó gbígbé e sílẹ̀.

Òṣèlú wà nínú ọ̀rọ̀ yìí pẹ̀lú. Ní ọ̀sẹ̀ kejì tí Tanímọ̀la wà nínú àgò, ẹ̀gbọ́n mi wá kí wa, òun àti ọkọ mi sì bẹ̀rẹ̀ lórí ẹgbẹ́ òṣèlú. Kò pẹ́ tí ohùn fi lọ sókè. Mo wo àgò: ajá ń yán, ó ń lá ètè, etí rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́rí, ó wá ń fi ẹsẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tò họ ilẹ̀kùn. Ẹ̀rù ló ń bà á. Mo sunkún lọ́jọ́ náà, mo sì sọ fún wọn pé àwọn tí wọ́n ń tìtorí wọn jà yìí kò mọ orúkọ ẹnì kankan nínú ilé wa. N kò ní kí a má sọ̀rọ̀ òṣèlú o, èmi náà ní ẹgbẹ́ tí mò ń dìbò fún. Ohùn ni mo ní kí wọ́n rẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi tọrọ gáfárà. Ó wá sọ ìtàn Fala fún mi, ajá kékeré Roosevelt, ààrẹ Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1944, àwọn alátakò ní ó rán ọkọ̀ ojú omi ogun lọ gbé ajá náà ní erékùṣù tó ti gbàgbé rẹ̀ sí. Roosevelt dáhùn pé òun àti ìdílé òun kò bínú sí èébú, ṣùgbọ́n Fala ń bínú. Ó pa mí lẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ láti alẹ́ ọjọ́ náà.

Tanímọ̀la ṣì máa ń wá sórí itan mi tí mo bá tan bọ́ọ̀lù. Mo máa ń gbé e sórí ẹní rẹ̀, á wò mí bíi pé mo ṣẹ̀ ẹ́, èmi náà á sì sọ̀ kalẹ̀ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nílẹ̀ títí wọ́n á fi gbá a tán.