Ìrù Gígùn Kọ́ Ni Ẹbí: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Lọ́dọ̀ Àwọn Pàrákíìtì

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé sí ẹ̀kọ́ nípa ẹyẹ, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ìdí odídẹrẹ́ àti àwọn ìbátan rẹ̀ ni mo ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún iṣẹ́ mi, pàápàá àwọn kéékèèké onírù gígùn tí aráyé ń pè ní pàrákíìtì. Àwọn ló kọ́ mi bí a ṣe ń to ohun ẹlẹ́mìí sí ẹbí-ẹbí. Bó bá jẹ́ ohun kan ṣoṣo lẹ máa gbà lọ́wọ́ mi, ẹ gba èyí: ìjọra ò tó ẹ̀rí ìbátan. Ẹgbẹ́ yòówù kí wọ́n to ẹyẹ kan sí, ẹ kọ́kọ́ béèrè ohun tí wọ́n wò kí wọ́n tó tò ó síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú pàrákíìtì fúnra rẹ̀. Budgerigar tí wọ́n ń sìn nínú ilé kárí ayé, ọmọ Ọsirélíà ni. Pàrákíìtì olórùka ọrùn wà ní Íńdíà àti Pakísítánì, ó sì wà ní Áfíríkà, láti Sẹ̀nẹ̀gà títí dé ìhà Ìlà Oòrùn. Òmíràn tí wọ́n ń pè ní monk parakeet ń gbé ní Ajẹntínà àti àwọn ilẹ̀ tó yí i ká. Ara wọn kéré, ìrù wọn gùn ó sì rí ṣóńṣó, àwọ̀ ewé pọ̀ lára wọn. Kò sí ohun mìíràn tó kó wọn pọ̀ ju ìyẹn lọ. Àwọn àgbà ní ohun tó jọ ohun la fi ń wé ohun, èèpo ẹ̀pà ló jọ pósí ẹ̀lírí. Àfiwé ni wọ́n ń ṣe. Wọn ò sọ pé igi kan náà ni wọ́n ti gé méjèèjì.

Gbogbo ẹbí odídẹrẹ́ lágbàáyé tó nǹkan bíi 400 ẹ̀yà. Ẹ̀ka tó kọ́kọ́ yà lára igi ìdílé wọn ni ti New Zealand, níbi tí kakapo tí kò lè fò wà, àti kea tó ń gbé orí òkè. Àwọn cockatoo ló tẹ̀ lé e. Àwọn tó kù ló pọ̀ jù, ẹbí ńlá méjì ni wọ́n sì pín sí, Psittacidae àti Psittaculidae, pẹ̀lú ẹbí kékeré kan tí àwọn ọmọ rẹ̀ wà ní New Guinea àti Madagásíkà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá kan ilé wa nìyí. Odídẹrẹ́ aláwọ̀ eérú, tí ìkóódẹ wà nídìí rẹ̀, igbó kìjikìji ni ilé rẹ̀. Nínú ọ̀dàn, ẹyẹ kékeré kan wà tí ìrù rẹ̀ kúrú, tí àwọ̀ ewé pọ̀ jù lára rẹ̀, tí iwájú orí àti ojú rẹ̀ sì pupa. Agapornis pullarius lorúkọ rẹ̀ nínú ìwé, ọ̀kan nínú ẹ̀yà mẹ́sàn-án tí àwọn Òyìnbó ń pè ní lovebird. Bí ẹ bá gòkè lọ sí àríwá Nàìjíríà, níbi tí igi ti fọ́n ká, ẹ ó bá pàrákíìtì olórùka ọrùn níbẹ̀. Ẹ bi ẹnikẹ́ni pé èwo ló bára tan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, yóò ní àwọn aláwọ̀ ewé méjèèjì ni. Ó gbà á, ẹbí Psittaculidae ni àwọn méjèèjì. Àmọ́ àwọ̀ kọ́ ló jẹ́ kó gbà á, torí pé monk parakeet náà jẹ́ aláwọ̀ ewé, ìrù rẹ̀ sì gùn, síbẹ̀ ẹbí Psittacidae ló wà pẹ̀lú odídẹrẹ́ tiwa àti àwọn macaw ìlú Brazil. Aláwọ̀ ewé ti Ajẹntínà sún mọ́ aláwọ̀ eérú inú igbó wa ju bó ṣe sún mọ́ olórùka ọrùn lọ. Lovebird wa ńkọ́? Àwọn tó bá a tan jù ni àwọn odídẹrẹ́ tíntìntín ilẹ̀ Éṣíà tó ń sùn ní ìdorí kodò, Loriculus. Lẹ́yìn wọn ló wá kan budgerigar àti àwọn lory. Nígbà tí igi ìdílé yìí kọ́kọ́ yé mi dáadáa, mi ò lè wo ẹyẹ kankan nínú àgò mọ́ kí n má béèrè ibi tí àwọn baba ńlá rẹ̀ ti wá.

Ọ̀rọ̀ náà tún le ju báyìí lọ bí a bá jáde kúrò nínú ẹbí odídẹrẹ́. Ta ni ìbátan wọn? Ní 2008, Shannon Hackett àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé iṣẹ́ ńlá kan jáde lórí DNA oríṣiríṣi ẹyẹ. Àwọn ẹyẹ kéékèèké tó ń kọrin, irú ẹ̀gà àti ológoṣẹ́, ni wọ́n bá nítòsí odídẹrẹ́ jù, àwọn falcon ló sì tẹ̀ lé wọn. Falcon yìí gan-an, tí ẹnu rẹ̀ ká, tí èékánná rẹ̀ mú, tí gbogbo ènìyàn ti kà mọ́ àṣá àti idì tipẹ́tipẹ́, jìnnà sí àṣá àti idì. Iṣẹ́ pípa ẹran jẹ ló sọ ara wọn di ọ̀kan náà.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín wọ inú dùráwà mùsíọ́ọ̀mù, torí ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú yín yóò ti bẹ̀rẹ̀. Awọ ẹyẹ tí wọ́n fi òwú kún inú rẹ̀ dùbúlẹ̀ ní ẹ̀yìn, ìwé pélébé sì wà tí wọ́n so mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìwé pélébé yẹn ṣe pàtàkì ju awọ lọ. Ọjọ́ tí wọ́n pa á, ibi tí wọ́n ti pa á, akọ tàbí abo: bí kò bá sí èyí, ohun ọ̀ṣọ́ lásán lẹ dì mú. Onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Scopoli ló kọ́kọ́ ṣe àpèjúwe pàrákíìtì olórùka ọrùn ní 1769, ẹ̀ka-ẹ̀yà mẹ́rin ni wọ́n sì ń kà lára rẹ̀ títí dòní, méjì ní Áfíríkà, méjì ní Éṣíà. Ti Áfíríkà kéré díẹ̀, àgógó rẹ̀ ò sì nípọn tó ti Éṣíà. Akọ nìkan ló ń ní òrùka dúdú òun pupa fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́ lọ́rùn, ó sì ń tó nǹkan bí ọdún mẹ́ta kó tó yọ. Nítorí náà, èyí tí kò ní òrùka lè jẹ́ abo, ó sì lè jẹ́ ọmọkùnrin tí kò tíì dàgbà. Ẹni tó kọ ìwé pélébé ti la inú ẹyẹ náà wò kó tó kọ akọ tàbí abo. Ẹ gba tirẹ̀ gbọ́ ju ọrùn ẹyẹ lọ.

Inú ẹgbẹ́ tí wọ́n to ẹyẹ yìí sí, Psittacula, ni mo ti rí ẹ̀kọ́ tó mú jù. Ìrù gígùn àti òrùka ọrùn ni wọ́n fi kó àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà jọ. Nígbà tí wọ́n wo DNA wọn, wọ́n bá àwọn ẹyẹ onírù kúkúrú láàárín wọn: Tanygnathus ti Indonéṣíà àti Philippines, ẹlẹ́nu ńlá, àti Psittinus kékeré. Ọ̀nà méjì ló kù, kí wọ́n kó gbogbo wọn sábẹ́ orúkọ kan, tàbí kí wọ́n pín Psittacula sí wẹ́wẹ́. Ní 2019, Michael Braun àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ dábàá pé kí wọ́n pín in, olórùka ọrùn sì di Alexandrinus krameri lọ́wọ́ wọn. Àwọn kan gbà, àwọn mìíràn ṣì ń pè é ní Psittacula krameri. Èmi fara mọ́ pípín in, nítorí ẹgbẹ́ tó bá yọ ọmọ bíbí inú rẹ̀ sílẹ̀ torí ìrù kúkúrú kò sọ ìtàn ìdílé ní òótọ́. Ẹ̀yin lè má gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú iṣẹ́ yòówù kẹ́ ẹ kọ, ẹ sọ èwo lẹ tẹ̀ lé, kí ẹni tó ń kà á má ṣe rò pé ẹyẹ méjì ni.

Ẹ má ṣe gbàgbé àwọ̀, torí ó ń tan àwọn ọ̀dọ́ jẹ jù. Ẹ ṣa ìyẹ́ àwọ̀ ewé kan tó bọ́ lára pàrákíìtì, kẹ́ ẹ gbé e síwájú iná tàbí oòrùn, kí ìmọ́lẹ̀ gba inú rẹ̀ wá sójú yín. Àwọ̀ ewé náà á ṣá. Ìdí ni pé kò sí aró àwọ̀ ewé nínú rẹ̀. Aró yẹ́lò wà nínú rẹ̀, psittacofulvin, èyí tí àwọn odídẹrẹ́ ń pèsè fúnra wọn láìdúró de oúnjẹ. Búlúù sì ń wá láti ara bí inú ìyẹ́ náà ṣe rí, tó ń tú ìmọ́lẹ̀ búlúù padà. Yẹ́lò lórí búlúù ló ń fún wa ní àwọ̀ ewé. Aró kan náà yìí, nígbà tó bá jẹ́ irú tó pupa, ló wà nínú ìkóódẹ tí a ń fi dé àwọn ọba àti olórìṣà ládé, nílé àti ní Brazil. Ní 2017, àwọn onímọ̀ rí i pé àyípadà kan nínú jíìnì MuPKS ló ń gba yẹ́lò lára budgerigar tí ó fi ń di búlúù. Búlúù àti aláwọ̀ ewé nínú àgò kan náà, ẹ̀yà kan ni wọ́n.

Àwọn tó bá ń gbé ní London mọ ariwo olórùka ọrùn dáadáa. Ìtàn kan ń lọ káàkiri pé Jimi Hendrix, olórin onígìtá nì, ló tú tọkọtaya kan sílẹ̀ ní Carnaby Street, ibẹ̀ ni gbogbo wọn ti wá. Ìtàn tó dùn ni. Àmọ́ wọ́n ti rí ìtẹ́ ẹyẹ yìí ní Norfolk láti 1855. Ní 2019, àwọn onímọ̀ ní Queen Mary University of London lo ọgbọ́n tí àwọn ọlọ́pàá fi ń wá ibi tí ọ̀daràn ń gbé, wọ́n fi wo ibi tí wọ́n ti ń rí ẹyẹ náà, wọn ò sì rí ohunkóhun tó ti ìtàn yẹn lẹ́yìn. Ẹyẹ ilé tó bọ́ lọ́wọ́ onílé níbí àti lọ́hùn-ún ló kóra jọ. Nígbà tí wọ́n wá wo DNA àwọn tó ti tẹ̀dó sí Yúróòpù, iṣẹ́ tó jáde ní 2015, ọ̀pọ̀ wọn ló wá láti Pakísítánì àti àríwá Íńdíà, níbi tí òtútù ń mú lásìkò ọ̀gìnnìtìn. Ti Áfíríkà kọ́ ló pọ̀ níbẹ̀. Ẹ̀ka-ẹ̀yà tí ẹlòmíì máa kà sí àwítúnwí inú ìwé ló ṣàlàyé ìdí tí ẹyẹ ilẹ̀ olóoru fi lè gba yìnyín.

Ẹ máa kà wọ́n bẹ́ ẹ bá débẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n ń padà sí igi tí wọ́n jọ ń sùn. Ẹ má dúró sábẹ́ igi, torí bí wọ́n bá ti bà, ewé á bò wọ́n, wọn ò sì ní yé pààrọ̀ ẹ̀ka. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wọlé ni kẹ́ ẹ dúró sí, kẹ́ ẹ ka ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń kọjá, kí ẹnì kejì máa kọ agogo.

Ọ̀rọ̀ ìtẹ́ ló kù. Olórùka ọrùn ń yé sínú ihò igi. Monk parakeet ń fi igi wẹ́wẹ́ kọ́ ilé ńlá tí ọ̀pọ̀ tọkọtaya ń gbé, ohun tí àwọn odídẹrẹ́ tó kù kì í ṣe. Lovebird olójú pupa tiwa ń gbẹ́ ihò sínú ilé ikán tó wà lórí igi, bẹ́ẹ̀ náà ni Eupsittula canicularis ti Mẹ́síkò àti Costa Rica ń ṣe, ẹbí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì ni wọ́n. Ìwà pẹ̀lú lè jọra láìsí ẹ̀jẹ̀. Síbẹ̀ ìwà kan wà tó jẹ́ ti ẹ̀jẹ̀. William Dilger ní Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà ṣe iṣẹ́ kan tó jáde ní 1962, mi ò yéé sọ nípa rẹ̀ fún ẹni tó bá ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi. Lovebird kan máa ń ki ohun tó fẹ́ fi tẹ́ ìtẹ́ bọ àárín ìyẹ́ ìdí rẹ̀, á sì fò gbé e lọ. Òmíràn ń fi ẹnu gbé tirẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Dilger mú akọ àti abo láti ẹ̀yà méjèèjì gùn. Àwọn ọmọ wọn ń gbìyànjú láti ki í bọ ìyẹ́, ó ń já bọ́, wọ́n tún ṣa á, wọ́n tún kì í. Èyí tí wọ́n bá fi ẹnu gbé nìkan ló ń délé. Ó gbà wọ́n lọ́dún mẹ́ta kí wọ́n tó máa fi ẹnu gbé èyí tó pọ̀ jù, wọ́n sì ṣì ń yí orí sẹ́yìn bí ẹni fẹ́ kì í bọ ìdí kí wọ́n tó fò.

Bẹ́ ẹ bá ń bi mí ohun tí gbogbo èyí wúlò fún, ẹ wo Mauritius. Ní àwọn ọdún 1980, pàrákíìtì erékùṣù náà ò ju bíi mẹ́wàá lọ. Carl Jones àtàwọn tó bá a ṣiṣẹ́ tọ́jú ìtẹ́, wọ́n kó ẹyin, wọ́n bọ́ ọmọ, iye wọn sì ti lé ní 700 báyìí. Láti mọ̀ bóyá ẹ̀yà kan náà ni wọ́n pẹ̀lú ti erékùṣù Réunion tó ti parun, awọ kan ṣoṣo tó wà ní Edinburgh ni wọ́n gbára lé. Wọ́n yọ DNA nínú rẹ̀, ìyàtọ̀ náà kéré gan-an.

Odídẹrẹ́ kì í kú sóko ìwájẹ, àdúrà tí a máa ń gbà ni, ṣùgbọ́n òwò ti pa á nínú àgò àti lójú ọ̀nà débi tí àjọ CITES, tó ń mójú tó òwò ẹranko àti ewéko inú igbó láàárín orílẹ̀-èdè, fi gbé e sí àkójọ àkọ́kọ́ ní 2016, tí wọ́n fòfin de kíkó odídẹrẹ́ inú igbó lọ tà lókè òkun. Lovebird olójú pupa ò tíì rí ẹni tọpa rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ wa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Òkè-Ògùn, ní Ṣakí, ní apá Kwara, bẹ́ ẹ bá rí i tó ń wọ ilé ikán lórí igi, fọ́tò nìkan ò tó. Ẹ kọ irú igi náà, bí ihò náà ṣe ga tó sílẹ̀, bóyá ikán ṣì ń gbé inú rẹ̀, èwo nínú akọ àti abo ló ń gbẹ́ ẹ, pẹ̀lú ọjọ́, agogo àti orúkọ abúlé tó sún mọ́ ọn jù. Ẹ má ṣe fọ́ ilé ikán náà láti wo ẹyin. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ padà lọ wò ó.