Kò Sí Ẹni Tó Di Nǹkan Oṣù Mi

Ẹ̀yin tí ẹ ti pé ọdún 16, 17, tí ẹ kò tíì rí nǹkan oṣù, ẹ mọ ohun tí ojú ń rí. Àwọn àbúrò yín ti ń ra páàdì, ẹ̀yin ṣì ń wá irọ́ tí ẹ máa pa bí ẹnìkan bá ní kí ẹ yá òun ní ọ̀kan.

Nígbà tí mo wà ní SS3, mi ò ga ju ọmọ pírámárì lọ, àyà mi sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Ìyá mi ra àgbo títí. Lẹ́yìn náà ni wòlíì kan sọ pé ìyá àgbà kan nínú ilé bàbá mi ló di nǹkan oṣù mi sínú ìkòkò.

Ìyá bàbá mi ló tọ́ mi. Àwọn ni ẹbí gbà pé wòlíì ń bá wí. Ẹbí ránṣẹ́ pe Màmá láti Ìkirè, wọ́n sì jókòó yí wọn ká ní pálọ̀. Bàbá mi ní kí wọ́n tú mi sílẹ̀. Màmá ṣí gèlè orí wọn, wọ́n kúnlẹ̀ níwájú ọmọ tí wọ́n bí, wọ́n ní, "Àkànní, bí mo bá mọ̀ nípa rẹ̀, kí ilẹ̀ tí mo ń tẹ̀ yìí mú mi." Wòlíì ní kò tíì tó, kí wọ́n mu omi tí òun gbàdúrà sí. Ọwọ́ wọn ń gbọ̀n, omi ń dà sí wọn láyà. Kò sí ẹni tó ní kí wọ́n dìde. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní kí n dákẹ́, pé tèmi ni àwọn ń jà fún.

Nọ́ọ̀sì kan ládùúgbò ló ní kí a lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀, èsì jáde: Turner syndrome. Mo ń lo oògùn ẹstrójìn, ìyẹn èròjà tó ń mú kí ara obìnrin dàgbà, nǹkan oṣù sì ti dé.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé kò sí ẹni tó dì í. Kúrómósómù ni ohun tínńtín inú ara tó ń gbé àbùdá wa; méjì irú tí wọ́n ń pè ní X ló yẹ kí obìnrin ní. Ọ̀kan péré ni tèmi, òun ni Turner syndrome, òun ni kò sì jẹ́ kí n ga, kí nǹkan oṣù mi dé. Kí wọ́n tó bí mi ló ti rí bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ohun tí bàbá tàbí ìyá mi jẹ tàbí ṣe. Nǹkan bí ọmọbìnrin 1 nínú 2,000 sí 2,500 ló ń ní in. Ọdún 1938 ni Dókítà Henry Turner ti kọ̀wé nípa obìnrin 7 tí wọ́n ní in ní Amẹ́ríkà. Àwọn yẹn kò mọ ìyá bàbá mi rí.

Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má gbàdúrà o. Èmi náà ṣì ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n àdúrà kò nílò ẹni tí a máa fi ẹ̀sùn kàn. Bí ọmú kò bá yọ ní ọdún 13, tàbí tí nǹkan oṣù kò dé ní 15, ẹ gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ dókítà, kí ẹ sì béèrè fún àyẹ̀wò kúrómósómù. Abẹ́rẹ́ tó ń mú irú wa ga wà, àmọ́ kò ní ṣiṣẹ́ mọ́ bí eegun bá ti parí dídàgbà. Àgbo àti wòlíì ló jẹ àsìkò tèmi.

Màmá kò wá sílé wa mọ́. Mo fẹ́ kí bàbá mi gbé èsì náà lọ sí Ìkirè, kó kà á sí wọn létí, kó sì dọ̀bálẹ̀. Mo ti sọ fún un, màá tún sọ. Kò sí ẹni tó dì í.

Ẹ̀yin tí ẹ bá ní Turner syndrome bíi tèmi, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ọkàn, kíndìnrín àti etí yín wò pẹ̀lú. Àwọn mìíràn nínú wa ń fi ẹyin obìnrin mìíràn lóyún, nítorí ilé ọmọ wà. Kí ẹ tó ṣe é, ẹ jẹ́ kí wọ́n ya àwòrán ọkàn àti òpó ẹ̀jẹ̀ ńlá tó tibẹ̀ jáde nílé ìwòsàn, torí oyún lè mú kí òpó náà fàya. Ẹ má jẹ́ kí ìyá ọkọ kankan kán yín lójú.