Hóró Ọta 148 Nínú Mọ́tò Ifẹ̀

Etí Bàbá wa ti wúwo. Ẹni tó bá fẹ́ bá wọn sọ̀rọ̀ ní láti pariwo bí ẹni tó ń polówó ẹ̀kọ láàárọ̀ kùtù. Ẹ jẹ́ kí n ti ìyẹn sọ ná, torí ohun tó kó wa sí yọ́ọ́yọ́ọ́ nìyẹn. Èkejì ni pé mo gbàgbé íápíìsì mi sórí tẹlifíṣọ̀n nílé.

Ifẹ̀ là ń lọ lọ́jọ́ náà, wọ́n fẹ́ yẹ ojú Bàbá wò lọ́sibítù. A wọ mọ́tò ní Iléṣà, àwa mẹ́rin lẹ́yìn: èmi, Bàbá, ìyá olóbì kan tó gbé apẹ̀rẹ̀ obì lé itan, àti akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ti sùn kí mọ́tò tó kúrò ní gáréèjì. Ọkùnrin kan tó di Bíbélì mú wà níwájú pẹ̀lú dẹ́rẹ́bà. Ọ̀nà yẹn ò ju nǹkan bí ọgbọ̀n kìlómítà lọ. Mo ti ń rò ó pé a ó tètè dé.

Aago mẹ́sàn-án kọjá díẹ̀ ni àbúrò mi pè láti Houston. Aago mẹ́ta òru ni lọ́dọ̀ tirẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ alẹ́ ló ń ṣe. Nítorí iṣẹ́ alẹ́ yẹn náà ló ṣe ra ìbọn ìléwọ́ kan lóṣù tó kọjá. Òfin gbà á láyè níbi tó wà. Iléeṣẹ́ Smith & Wesson ló ṣe é, kékeré báyìí, irú èyí tí wọ́n ti ń ṣe láti ọdún 1950: ọta 5 péré ló ń gbà, ọ̀pá ẹnu rẹ̀ ò sì tó íǹṣì 2. Rírà ìbọn ò le. Irú ọta tí yóò kó sínú rẹ̀ ni kò jẹ́ kó rí oorun sùn. Ẹni tó tà á fún un sọ tiẹ̀, ọ̀rẹ́ ibi iṣẹ́ sọ tiẹ̀, ìyàwó rẹ̀ ní kó kó gbogbo rẹ̀ padà kó lọ ra ajá.

Ló bá rántí pé ọdẹ ni Bàbá. Wọn kì í ṣe ọdẹ ẹnu lásán o. Kò sí igbó tí Bàbá ò gbé ṣakabùlà wọ̀ láti Iléṣà títí dé Ìpetu nígbà tí ojú wọn ṣì ń ríran.

"Àǹtí mi, ẹ gbé Bàbá fún mi."

Mo tẹ ohùn fóònù sókè pátápátá.

"Bàbá! Ọ̀rọ̀ ọta ni mo fẹ́ bi yín!"

"Ata? Ṣé ata ti wọ́n ní Amẹ́ríkà ni?"

Mo bá a gbè é. "Ọta ni, Bàbá! ỌTA ÌBỌN!"

Ìyá olóbì yíjú sí mi. Ó tún yíjú padà sọ́nà, ó wá rọra fa apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ mọ́ra.

Àbúrò mi ń ro ẹjọ́ lọ ràì. Ó ní ọta kan wà tí ihò wà ní imú rẹ̀. Tó bá wọ ara, imú náà á là bí òdòdó, á dúró síbẹ̀, kò ní gba ẹ̀yìn jáde lọ bá aláìṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ sáré dáadáa kó tó lè là, ìbọn kúkúrú kì í sì í jẹ́ kó sáré. Bí aṣọ bá tún dí ihò náà, kò ní là mọ́, á kàn gún lọ bí ìṣó. Bàbá ò gbọ́ ìdajì. Wọ́n ní kí n sọ ọ́ yé àwọn. Ibi tí mo ti gbọ́n jù nìyẹn, mo ké e ní ṣókí:

"Ó NÍ ÈYÍ TÓ MÁA WỌ ÈÈYÀN LÁRA TÍ Ò NÍ JÁDE LẸ́YÌN NI ÒUN Ń WÁ!"

Dẹ́rẹ́bà pa rédíò. Akẹ́kọ̀ọ́ jí.

Ojú Bàbá mọ́lẹ̀ kedere. Ó pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti bi wọ́n ní ìbéèrè gidi. "Báwo ni ẹnu ìbọn ọ̀hún ṣe gùn tó?" Mo fi àtàǹpàkò mi hàn wọ́n. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí gbogbo eyín méjì tó kù níwájú fi yọ. "Ìyẹn ò ga tó òkété! Ẹ̀tù ò ní ráyè jó tán nínú ìyẹn. Ìta ló máa jó sí. Iná á bù yẹ̀rì lẹ́nu ẹ̀, ọta á wá máa fẹsẹ̀ rìn."

Àbúrò mi hó yèè ní Houston. Ó ní ohun tí òun fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kà gan-an ni Bàbá sọ yẹn. Ọkùnrin oní-Bíbélì bẹ̀rẹ̀ sí gbàdúrà, kò pariwo, ètè rẹ̀ nìkan ló ń mì.

Kó wá parí síbẹ̀. Rárá o. Àbúrò mi tún gbé ọ̀rọ̀ FBI dé, àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà. Ó ní lọ́dún 1986, wọ́n bá àwọn olè kan yìnbọn síra wọn ní Miami, ọta kan wọ olè lára àmọ́ ó dúró kó tó dé ọkàn rẹ̀, olè náà sì ń bá ìjà lọ. Látìgbà náà ni wọ́n ti ń yin ọta sínú jẹ́lì tó rọ̀ bí ẹran ara láti fi dán an wò: ó gbọ́dọ̀ wọ íǹṣì 12, bíi rúlà iléèwé kan, kó má sì kọjá 18.

"Jẹ́lì?" ni Bàbá wí. "Èyí tí ẹ fi ń para?"

Àbúrò mi ní kí n bi Bàbá, ṣé kí òun fi ti onihò sílẹ̀, kí òun ra olórí pẹrẹsẹ tí wọ́n fi ń dánra wò lójú àmì, gíréènì 148, torí kì í ta ọwọ́ púpọ̀. Èmi tí mo gba C nínú Gẹ̀ẹ́sì. Gíréènì, hóró ni, àbí?

"HÓRÓ 148 NI, BÀBÁ!"

"Hóró ọta 148 nínú ìbọn kan? Kí ló fẹ́ pa? Àdúgbò?"

A ti kọjá Òṣú díẹ̀ nígbà náà, àwọn ọlọ́pàá sì wà lójú ọ̀nà. Dẹ́rẹ́bà ò dúró de kí wọ́n dá a dúró. Ó tẹ bíréèkì, ó ṣílẹ̀kùn, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lérí, ó sá tọ̀ wọ́n lọ. "Ẹ gbà mí! Hóró ọta 148! Nínú mọ́tò mi!"

Wọ́n ní kí gbogbo wa bọ́ sílẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣàlàyé pé òun ò mọ̀ wá rí kí ẹnikẹ́ni tó bi í. Ọ̀gá wọn wo Bàbá láti òkè délẹ̀, ó béèrè pé, "Bàbá, níbo ni ìbọn wà?"

"Ó wà lókè àjà nílé," ni Bàbá dáhùn, tọ̀yàyàtọ̀yàyà.

Mo mọ̀ pé ṣakabùlà ni wọ́n ń sọ. Ta ni màá wí fún? Ọ̀gá náà ti ń là mí lóye pé òfin ìbọn ọdún 1959 ò gba ìbọn ìléwọ́ lọ́wọ́ aráàlú lásán. Wọ́n tú báàgì mi sílẹ̀: káàdì ọsibítù, àkàrà mẹ́fà, omi inú ọ̀rá, àti obì mẹ́ta tí n kò mọ bó ṣe dé ibẹ̀.

"Obì mi!" ni ìyá olóbì wí.

Bàbá yíjú sí igbó.

Fóònù ò tíì kú. Láti inú rẹ̀ la tún gbọ́ ohùn: "Bàbá, ṣé onihò ni àbí pẹrẹsẹ?" Ọ̀gá gba fóònù lọ́wọ́ mi. Àbúrò mi tan kámẹ́rà, ó fi páálí ọta hàn án, ó ṣàlàyé pé ìwọ̀n lásán ni gíréènì, 7,000 rẹ̀ ló ń jẹ́ pọ́ùn kan, ọta kan ṣoṣo ló wúwo tó 148. Ọ̀gá wò mí bí ẹni ń wo ẹni tó gba C nínú Gẹ̀ẹ́sì. Mo rò pé yóò dá fóònù padà. Kò dá a padà! Òun náà ní tirẹ̀ láti sọ: kí wọ́n ra onihò, kó jẹ́ èyí tí ẹ̀tù rẹ̀ pọ̀. Bàbá ní irọ́ ni. Mọ́tò ti tò lẹ́yìn wa lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, wọ́n ń fọn fèrè.

"Ìbọn fúyẹ́, ẹ̀tù pọ̀," ni Bàbá ń pariwo mọ́ ọlọ́pàá. "Á ta ọwọ́ ọmọ mi sẹ́yìn! Tó bá yìn ín lẹ́ẹ̀kan, tí ẹ̀rù èkejì wá ń bà á ńkọ́? Kó ra pẹrẹsẹ!"

Dẹ́rẹ́bà kọ̀, kò gbé wa mọ́. Ọ̀kadà ló gbé wa dé Ifẹ̀, nọ́ọ̀sì sì ní a ti pẹ́.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, a wọ mọ́tò Iléṣà padà. Ìyá olóbì ti jókòó síbẹ̀, apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo tán, obì díẹ̀ ló kù. Ó wo Bàbá. Ó wò mí. Fóònù mi bẹ̀rẹ̀ sí dún, ó wo ìyẹn náà.

"Dẹ́rẹ́bà," ló wí, "bá mi gbé apẹ̀rẹ̀ mi sọ̀kalẹ̀."